Àpá Iwájú Orí Présídán

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ ká ka orúkọ ọkùnrin yìí tán, nítorí bí a bá fo ọ̀kan nínú rẹ̀, kò ní dáhùn: Olóyè Onímọ̀-Ẹ̀rọ Présídán Àgbà Oyèkúnlé Bámgbóṣé, Akọni Bouaké, Asà Àwọn Anago. Ti "Onímọ̀-Ẹ̀rọ" yẹn, ó tún fáànù ṣọ́ọ̀ṣì kan ṣe nígbà kan ni, fáànù náà sì fẹ́ títí ìsìn fi parí. Ti "Olóyè", a ò tíì rí ìlú tó fi í jẹ. "Présídán" nìkan ló dá wa lójú: òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Bouaké, àwọn tí onílùú ń pè ní Anago. Kristẹni wà níbẹ̀, Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ará Ògbómọ̀ṣọ́ ló sì pọ̀ jù.

Kì í ṣe owó ló sọ ọ́ di olórí, torí táyà mọ́tò ló ń tà, àwọn tó ń tà á sì kún ọjà. Kì í ṣe ìwé kíkà. Àpá ni.

Àpá náà bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí irun orí rẹ̀ parí sí, ó sọ̀kalẹ̀ wá sí òkè ojú òsì, ó fẹ̀, ó ń dán, ó dà bí ọ̀nà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ tí wọn ò parí. Oyèkúnlé kì í dé fìlà bò ó. Ìpàkọ́ ni fìlà rẹ̀ máa ń wà, bí ohun tó fẹ́ já bọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, á fi òrí pa àpá náà kó lè máa kọ mànà. Bí wọ́n bá fẹ́ ya fọ́tò, á yí ẹ̀gbẹ́ òsì síta, á sì dúró bẹ́ẹ̀ títí ọrùn á fi máa ro ó.

Kò sí ọmọ Yorùbá ní Bouaké tí kò mọ ìtàn àpá yìí sórí. Nígbà ogun abẹ́lé tí wọ́n ń pè ní kírísì, tí ìbọn ń dún nígboro, àwọn oníbọn kan wá láti fọ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn èèyàn wa. Gbogbo ayé sá. Oyèkúnlé nìkan ló dúró. Ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Ẹ gba orí mi kọjá!" Wọ́n fi ìdí ìbọn là á níwájú orí. Kò mira. Wọ́n wò ó, ẹ̀rù bà wọ́n, wọ́n padà. Nígbà tó kọ́kọ́ ń sọ ọ́, àwọn oníbọn náà ò ju ìwọ̀nba tí mọ́tò méjì lè gbé. Nígbà tó ṣe, wọ́n di ẹ̀kún ọkọ̀ akẹ́rù. Lọ́dún tó kọjá, ọkọ̀ ogun onírin ti wọ inú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìbọn dún yẹn, Oyèkúnlé wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó ń lọ sí Yamoussoukro, ó dojú bolẹ̀ láàárín iṣu, tapólì sì bò ó. Ìyẹn kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló sá, ẹni tó ń sọ ìtàn yìí fún yín náà ì bá sá, ì bá sì ti gba ibi tó rọgbọ jù láàárín iṣu náà. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ni ká sọ. Kò tíì pẹ́ tó ti Béoumi kó wá sí Bouaké nígbà náà, àwọn tó mọ ojú rẹ̀ dáadáa ò pọ̀. Nígbà tí ìlú rọ̀, tí àwọn èèyàn ń padà, bàbá àgbà kan wo iwájú orí rẹ̀, ó mí kanlẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé ohun tí wọ́n fi ojú rẹ rí nìyí?"

Oyèkúnlé la ẹnu láti sọ pé rárá o, àpá àtijọ́ ni. Ṣùgbọ́n gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ ti yíjú sí i. Wọ́n ń wò ó tàánútàánú, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, ẹnikẹ́ni ò wò ó bẹ́ẹ̀ rí. Ó pa ẹnu dé. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Kò tiẹ̀ sọ nǹkan kan. Àwọn èèyàn ló bá a sọ ọ́, òun kàn ń fi kún un ni.

Ẹgbẹ́ Ìrẹ́pọ̀ ní àgbàlá kan ní àdúgbò Ahougnansou, ilẹ̀ oníyanrìn, igi máńgòrò ńlá ní àárín. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti fi okùn so táyà mọ́ ẹ̀ka igi náà, ibẹ̀ ni àwọn ọmọ máa ń jókòó sí tí wọ́n á máa fì lọ, fì bọ̀, tí àwọn àgbà á máa ṣèpàdé lábẹ́ òrùlé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Lọ́jọ́ kan, Présídán ń sọ ìtàn àpá rẹ̀. Ó dé ibi tí ìdí ìbọn ti ń bọ̀ láti òkè. Àfi bí ọmọ kan ṣe bú sẹ́rìn-ín nínú táyà. Ọmọ náà ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ, ẹgbẹ́ rẹ̀ kan ló ń fi ìka ta á lẹ́yìn láti mú un rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà kan náà rẹ́rìn-ín.

Oyèkúnlé fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fọn fèrè. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn bí ọ̀rọ̀ ńlá bá ń bọ̀.

"Láti òní lọ," ó ní, "ní orúkọ ẹ̀jẹ̀ tí mo ta sílẹ̀ fún yín, mo fi òfin de fífò, sísáré, gígun nǹkan, àti ẹ̀rín aláìnídìí nínú àgbàlá yìí! Ọmọ tó bá fẹ́ ṣeré, kó jókòó sílé, kó máa ronú nípa ọjọ́ iwájú orílẹ̀-èdè!"

"Ọ̀rọ̀ ńlá!" Akíntúndé, akọ̀wé ẹgbẹ́, ti fò dìde. "Ọ̀rọ̀ tó yẹ ká gbẹ́ sára òkúta! Ẹ pàtẹ́wọ́! Ẹ má jókòó pàtẹ́wọ́, ẹ dìde pa á!"

Wọ́n dìde pa á. Kí oṣù tó parí, wọ́n ti já táyà náà sọ nù, wọ́n sì ti gé máńgòrò, nítorí Présídán ti ṣàkíyèsí pé láti orí igi, ọmọ kékeré lè máa wo olórí láti òkè, èyí tí kò bójú mu. Wọ́n ti géètì pa.

Ọmọ ò lè ṣe kó má ṣeré. Wọ́n bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sáré lé ara wọn láàárín àwọn mọ́tò akérò, títí di ọjọ́ tí mọ́tò kan fi gbá Abdoul, ọmọ Sakeenah, tí apá rẹ̀ kán. A dúpẹ́ pé apá ni.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Sakeenah dìde, gbogbo àwọn obìnrin dìde lẹ́yìn rẹ̀.

"Présídán, ẹ jọ̀ọ́," ó ní, "a ò wá bá yín jà. Ẹ ṣí géètì àgbàlá yẹn fún àwọn ọmọ wa. Ohun tí a wá sọ nìyẹn."

Ohùn rẹ̀ ò le rárá. Ìyẹn gan-an ló dẹ́rù ba Oyèkúnlé. Ó wò wọ́n, ó rí i pé wọn ò ní jókòó. Ẹlòmíràn ì bá ti mú kọ́kọ́rọ́ jáde lápò. Ṣùgbọ́n kí Akọni Bouaké kàn ṣí géètì lásán? Ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá! Ṣé géètì nìkan lẹ fẹ́? Ìrònú yín kéré! Èmi yóò kọ́ pápá ìṣeré kan síbẹ̀, irú èyí tí ojú ò tíì rí láti ibí títí dé Béoumi! Orúkọ rẹ̀ yóò sì máa jẹ́ Pápá Akọni!"

Wọ́n sì kọ́ ọ. Kí a má parọ́, ó dára. Wọ́n ra ohun tí ọmọ ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀ lórí rẹ̀, wọ́n ra èyí tí wọ́n ń fì lórí rẹ̀, wọ́n ra jangílọ́fà, pákó gígùn tí wọ́n gbé lé irin ní àárín, tí ọmọ kan á jókòó ní ìpẹ̀kun kọ̀ọ̀kan, tí ọ̀kan á máa lọ sókè bí èkejì bá ń bọ̀ nílẹ̀. Présídán ní kí wọ́n fi ọ̀rá wé gbogbo rẹ̀ kí eruku má bà á jẹ́. Ó gba ayàwòrán, ó ní kó ya òun sára ògiri, kí àpá hàn ketekete, kí àwọn oníbọn sì kéré bí èèrà lẹ́sẹ̀ òun. Lẹ́yìn náà ló wá gbé òfin kalẹ̀: ọjọ́ ọdún nìkan ni wọ́n á máa ṣí pápá, ọmọ tó bá máa wọlé gbọ́dọ̀ wọ bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, wọn ò sì gbọdọ̀ pariwo.

Ó tún ní kí àwọn ọmọ kọ́ eré kan tí wọ́n á fi ṣí pápá náà: ìtàn àpá rẹ̀. Gbogbo ọmọ ló fẹ́ ṣe oníbọn, torí oníbọn ló láǹfààní láti gbá Présídán lórí. Ọmọ tó ṣe Présídán sunkún lọ sílé lọ́jọ́ kìíní, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, òun náà sunkún.

"Lọ́jọ́ náà," Oyèkúnlé sọ fún Germaine ìyàwó rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń jẹun, "Akíntúndé yóò dábàá, gbogbo ilé yóò sì fohùn sí i, pé kí n máa ṣe Présídán lọ títí ayé."

Lẹ́yìn ogun ni Germaine fẹ́ ẹ. Torí àpá yẹn gan-an ló ṣe fẹ́ ẹ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sọ ọ́ rí. "Bàbá Armelle," ó ní, "tí ẹ bá wá kú ńkọ́?"

Oyèkúnlé ronú díẹ̀. "Àwòrán ara ògiri yẹn á máa bá a lọ."

Ohun kan wà tí kò mọ̀. Nígbà tí apá Abdoul kán, Sakeenah pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ìyá náà, Kùdírátù, tí ń ta ẹja ní Béoumi, kó ẹja gbígbẹ sínú àpò, ó wọ tákísì, ó wá bá ọmọ rẹ̀ tọ́jú ọmọ-ọmọ. Bí Oyèkúnlé ò bá ti géètì pa, apá ọmọ ì bá má kán. Bí apá ọmọ ò bá kán, obìnrin yìí ì bá wà ní Béoumi títí dòní, pẹ̀lú ẹja rẹ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí pápá pé. Wọ́n ta àgọ́, wọ́n to àga, wọ́n gbé sono wá, ẹ̀rọ agbóhùnjáde ńlá, èyí tí míkró rẹ̀ ń hu bí ajá. Oyèkúnlé wà lórí pèpéle, àga rẹ̀ ga ju ti gbogbo èèyàn lọ, agbádá rẹ̀ tẹ́ rẹrẹ lára rẹ̀, òrí ń dán níwájú orí. Kí ló kù? Ọ̀gá ìjọba kan ni wọ́n ń retí tí yóò gé ríbọ́ọ̀nù ẹnu ọ̀nà. Ọ̀gá ò dé. Oòrùn mú. Àwọn ọmọ jókòó pẹ̀lú bàtà àti ìbọ̀sẹ̀, wọ́n ń wo jangílọ́fà inú ọ̀rá bí ẹni ń wo oúnjẹ inú gíláàsì. Abdoul wà láàárín wọn, apá rẹ̀ wà nínú báńdéèjì.

Akíntúndé tẹ̀ sí etí ọ̀gá rẹ̀. "Présídán, àwọn èèyàn ti ń wo ẹnu ọ̀nà. Ẹ ò ṣe jẹ́ kí àwọn àgbà máa bọ́ síwájú, kí wọ́n máa sọ eré tí wọ́n ṣe ní kékeré? Ìyẹn á dá wọn dúró."

Oyèkúnlé gbà. Ó rò ó pé ọ̀rọ̀ wọn kéékèèké á jẹ́ kí tòun tóbi sí i.

Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì, télọ̀ tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́, ló kọ́kọ́ gba míkró.

"Broukro la wà nígbà tèmi. Táyà ọkọ̀ akẹ́rù la máa ń wọ̀. Màá ká ara mi sínú rẹ̀ bí ọmọ inú oyún, àwọn ẹgbẹ́ mi á tì mí láti orí òkè. Ọ̀run, ilẹ̀! Ọ̀run, ilẹ̀! Lọ́jọ́ kan, mo yí títí mo fi wọ àgbàlá obìnrin Baoulé kan, orí àtíẹ́kẹ́, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tó sá sóòrùn, ni mo balẹ̀ sí. Ó wọ imú mi, ó wọ etí mi. Obìnrin yẹn nà mí. Ìyá mi nà mí. Bàbá mi ti ọjà dé, ó ní òun náà ò ní ṣàìnà mí." Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè. "Ẹ wo àpá rẹ̀!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́, kò sì sí ẹni tó ní kí wọ́n pa á. Ìyá Monica, tí ń ta búrẹ́dì, já míkró gbà.

"Pánù ni wọ́n fi ṣe èyí tí a ń yọ̀ lórí rẹ̀ nílé-ìwé wa. Tí oòrùn bá ti pa á, ẹ lè dín ẹyin lórí rẹ̀. Ìgbà náà gan-an la máa ń gùn ún! Pánù yẹn sì ya níbì kan. Àpá tèmi wà o, ẹ̀yin èèyàn mi, ṣùgbọ́n ibi tó wà, ọkọ mi nìkan ló lè jẹ́rìí sí i."

"Mo jẹ́rìí!" ọkọ rẹ̀ kígbe láti ẹ̀yìn.

Ẹ̀rín ta. Nasrullah oníṣọ́ọ̀bù aṣọ dìde, ó sọ ti irin kan tó máa ń yí po, tí wọ́n á dì mọ́ títí ayé á fi máa ṣókùnkùn lójú wọn, ẹni tó bá kọ́kọ́ bì ló pàdánù. "Ibẹ̀ ni mo ti gbé eyín iwájú mi mì," ó ní. "Ọ̀rẹ́ mi kan já bọ́ láti orí rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ò nà tán mọ́ títí dòní. Àwa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ló ṣọ́ wa." Gbogbo wọn wo báńdéèjì Abdoul. Ẹnì kan wá ní, "Àwọn ìyá wa ò mọ ìdajì rẹ̀," ni ẹ̀rín bá tún gba ibẹ̀. Àwọn olówó ń ká ṣòkòtò sókè láti fi orúnkún hàn. Àwọn ìyá ọlọ́jọ́ orí ń tú gèlè. Ẹni tí kò ní àpá ń tijú.

Kò sí ẹni tó wo ti Présídán.

Ó gbà á fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó yá, kò lè gbà á mọ́. Ó dìde, ó gba míkró, ó fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi! Mo ti gbọ́ àpá yín. Àpá eré ni. Àpá àìgbọràn ni. Ṣùgbọ́n èmi, èmi ò ṣeré rí! Láti kékeré ni mo ti ń múra sílẹ̀ de ọjọ́ tí mo máa gbà yín là! Ẹ wo iwájú orí yìí! Irin ogun ló là á!"

"Là á gbẹrẹgẹdẹ!" Akíntúndé gbè é.

Ìgbà náà ni ẹ̀rín kan bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn àgọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ bí omi tó ń hó, ó ń ru bọ̀ wá sókè, ó wá bú jáde. Ọwọ́ Oyèkúnlé dúró lófurufú. Ó mọ ẹ̀rín yẹn. Kò tíì rí ẹni tó rín in, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n.

"Ọ̀pọ̀lọ́!" ohùn obìnrin kan pè.

"Hòó!" ni Oyèkúnlé dáhùn.

Ẹnu rẹ̀ ló dáhùn, kì í ṣe òun. Bí wọ́n ṣe ń pè é nígbà tó ṣì ń wọ ṣòkòtò péńpé nìyẹn, bó sì ṣe ń dáhùn nìyẹn. Míkró sì gbé "hòó" náà ká gbogbo Ahougnansou.

Kùdírátù ti ń bọ̀ láàárín àga. Ayọ̀ hàn lójú rẹ̀ bí ẹni tó rí àbúrò tó sọnù. "Ọ̀pọ̀lọ́, ṣé ìwọ nìyí? Bí ọmọ mi bá ń sọ pé Présídán Oyèkúnlé, èmi ò mọ̀ pé ìwọ ni! Wò ó, o ti sanra!"

"Ìyá," Akíntúndé dí i lọ́nà, "Présídán lẹ ń bá sọ̀rọ̀. 'Ẹ' la fi ń pè wọ́n, kì í ṣe 'ìwọ'."

"Ẹ kúrò níbẹ̀ jàre. A jọ wẹ̀ nínú odò ni." Ó gba míkró lọ́wọ́ Oyèkúnlé. "Ẹ̀yin èèyàn, Ọ̀pọ̀lọ́ la máa ń pè é ní Béoumi. Bó bá fẹ́ fò, á kọ́kọ́ fẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, báyìí." Ó fẹ́ ẹ. Gbogbo àgọ́ wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ Présídán. "Ẹ rí jangílọ́fà inú ọ̀rá yẹn? Tiwa ò lẹ́wà báyìí. Pákó ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, a gbé e lé àgbá epo tó ti dípẹtà. Èmi ní apá kan, òun ní apá kejì. Lọ́jọ́ yẹn, ó wà lókè, ó ń kígbe pé òun ń rí Bouaké, òun ń rí Ògbómọ̀ṣọ́! Ìyá mi pè mí. Èmi ò rò ó. Mo bọ́ sílẹ̀."

Gbogbo ẹni tó ti gun jangílọ́fà rí mọ ohun tó kàn. "Yéè!" ni wọ́n ké.

"Gbàà! Pákó já a wálẹ̀, etí àgbá gba iwájú orí rẹ̀. Àpá yẹn nìyẹn! Èmi ni mo fi síbẹ̀! Ẹ wò ó bó ṣe ń dán!"

"Àwọn oníbọn ńkọ́?" Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì béèrè.

"Oníbọn wo? Eyín wa ò tíì hù tán nígbà yẹn!"

Àgọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ wó. Àwọn kan ń gbá àga, àwọn kan ń nu omi ojú. Kùdírátù na ọwọ́ sókè. "Ẹ dákẹ́, ẹ jẹ́ kí n parí ẹ̀, ibi tó dára jù ló ń bọ̀ yìí. Nígbà tí ìyá mi sáré dé, tí ẹ̀jẹ̀ ti bo gbogbo ojú Ọ̀pọ̀lọ́..."

"Ẹ pa á!" Oyèkúnlé bú jáde. "Ẹ pa sono yẹn! Mo pàṣẹ! Ẹ pa á!"

Wọ́n pa á. Àṣẹ ìkẹyìn tó pa ní Bouaké nìyẹn, wọ́n sì mú un ṣẹ kíákíá. Ẹnu Kùdírátù ṣì ń mì, ọwọ́ rẹ̀ ń tọ́ka sí Oyèkúnlé, ojú rẹ̀ kún fún ìfẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí òjò tó ń rọ̀ lórí pánù. Kò sí ẹni tó gbọ́ nǹkan kan.

Ọmọ wo ló kọ́kọ́ dìde? Wọn ò mọ̀ ọ́n títí dòní. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ́jú, bàtà àti ìbọ̀sẹ̀ ti kún ilẹ̀, ríbọ́ọ̀nù ti já, ọ̀rá ti ya. Àwọn àgbà lọ láti lé wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí Bàbá Ọ̀ṣẹ́nì dé ìdí jangílọ́fà, ó wò ó, ó jókòó. Ìyá Monica jókòó ní ìpẹ̀kun kejì, ni bàbá àgbà bá gbéra lọ sókè, ó ń ké bí àkùkọ. Lákòókò yẹn gan-an ni ọ̀gá ìjọba dé. Ó bá àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ nínú yanrìn, ó bá Nasrullah tó há síbi tí ọmọ ti ń yọ̀ sọ̀kalẹ̀. Ó ní, "Présídán yín dà?"

Wọ́n wo pèpéle. Àga gíga nìkan ló wà níbẹ̀. Oyèkúnlé ti gba ẹ̀yìnkùlé jáde.

Ẹnikẹ́ni ò bú u. Ì bá dùn mọ́ ọn bí wọ́n bá bú u. Wọ́n ń kí i lọ́nà bí wọ́n ṣe ń kí i tẹ́lẹ̀, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ pé, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá Ọ̀pọ̀lọ́," ó sì lè gbọ́ atẹ́gùn tí wọ́n ń há mọ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, Ìyá Monica ni wọ́n fi ṣe Présídán. Akíntúndé fò dìde: "Akọni obìnrin! Asà àwọn Anago! Ẹ dìde pàtẹ́wọ́!" Ìyá Monica ní kó jókòó, kó lọ bá wọn tú àgádágodo géètì sọ nù, kí ẹnikẹ́ni má lè tì í mọ́.

Oyèkúnlé ò jáde mọ́. Germaine ló ń lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù táyà. Kò bá ọkọ rẹ̀ jà. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ló sọ̀rọ̀, nígbà tó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀.

"Bàbá Armelle, kì í ṣe ti àpá yẹn ló dùn mí. Gbogbo ọdún ni àwọn èèyàn ń wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín nínú ilé yìí, tí mò ń se oúnjẹ fún wọn, tí inú mi ń dùn pé èmi ni mo fẹ́ ọkùnrin yẹn. Ta ni mo wá fẹ́?"

Oyèkúnlé wo oúnjẹ náà. Ó dìde, ó wọ yàrá, ó ti ilẹ̀kùn.

Nígbà tí apá Abdoul jinná, Kùdírátù palẹ̀ mọ́ láti padà sí Béoumi. Láàárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ, ó ní kí tákísì dúró de òun níwájú ilé Oyèkúnlé. Germaine wọlé lọ sọ fún ọkọ rẹ̀, ó sì jáde.

"Ìyá, wọ́n ní kí n sọ fún yín pé àwọn ò sí nílé."

Kùdírátù lọ bá ilẹ̀kùn yàrá, ó fara tì í.

"Ọ̀pọ̀lọ́, mò ń lọ o. Wọ́n ní inú ń bí ọ sí mi. Mi ò mọ ohun tí mo ṣe. Gbogbo ìgbà ni mo máa ń sọ ìtàn yẹn. Mo ti sọ ọ́ fún ọkọ mi kó tó kú, mo ti sọ ọ́ fún gbogbo ọmọ mi. Bí wọ́n bá ń bẹ̀rù nǹkan, òun ni mo máa ń sọ fún wọn."

Ó gbé ẹnu sún mọ́ ilẹ̀kùn.

"Nígbà tí ìyá mi dé pẹ̀lú pankẹ́rẹ́ lọ́wọ́, mo ti mọ̀ pé òní ni wọ́n máa pa mí. Ẹ̀jẹ̀ ti bò ọ́ lójú, o ò ríran. Ìyá mi ní, 'Ta ló ṣe é?' O ní, 'Mo ṣubú fúnra mi ni, mà, Kùdí ò sí níbẹ̀.' O ò sunkún. Wọ́n gbé ọ lọ rán an, o ò yí ọ̀rọ̀ yẹn padà. Ìyá tìrẹ náà nà ọ́ lórí rẹ̀, torí pé o ṣe ara rẹ léṣe. Mi ò tíì rí ẹni tó láyà bíi tìẹ, Ọ̀pọ̀lọ́. Kí lo wá ń wá àwọn oníbọn sí?"

Ó pẹ́ díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ tó yí. Ilẹ̀kùn ṣí, kò ṣí tán. Oyèkúnlé dúró níbẹ̀ nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, kò dé fìlà. Ẹ̀yìn Kùdírátù ló ń wò, ibi tí Germaine dúró sí, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, tí ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́nu.

"Kùdí," ó ní, "kí ló dé tí o ò sọ ìyẹn fún wọn?"

"Ìgbà wo? Ta ló ní kí wọ́n pa míkró?"

Kùdírátù rí i tí nǹkan kan bẹ̀rẹ̀ sí í tàn lójú Oyèkúnlé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ń wú díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé o ò lè dúró di Sátidé?" ó ní. "Màá háyà sono tó dára ju tọjọ́ yẹn lọ. Màá ní kí gbogbo wọn wá. O kàn máa dúró síwájú ni, o máa sọ ọ́ bí o ṣe sọ ọ́ yìí gan-an."

Kùdírátù wò ó títí. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́, ó fi àtàńpàkò rẹ̀ tẹ iwájú orí rẹ̀, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ó ṣì ń dùn ún.

"Ọ̀pọ̀lọ́," ó ní, "wọn ò ní gbà á gbọ́ mọ́."

Ó gbé àpò rẹ̀, ó sì lọ wọ tákísì.